Ilé ni Mo Wà, Iṣẹ́ ni Mò Ń Ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá tí ó bí mi, ni ó ṣẹ̀ mí. Òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀lé ọdún Iléyá tó kọjá ni ó ṣẹ̀ mí, ní àsìkò tí àwọn ará ilé ń jáde lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Agric, ní Ìkòròdú. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó sọ ìyá wa pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó sì sọ ní etígbọ̀ọ́ gbogbo ojúlé pé aláìníṣẹ́ ni mí. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí bàbá mi tó kú, n kò sì padà sí ilé-ìwé mọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi kò ti tò bí ó ti yẹ, ẹ bá mi tò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rẹ́ jẹ kò nílò ìwé gíga kí ó tó mọ̀ pé a rẹ́ òun jẹ, n kò sì ní fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ohun tí ó dá mi lójú.

Iṣẹ́ àpò rírán ni iṣẹ́ mi. Àpò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, òun ni mò ń rán. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń rán an fún ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkòròdú. Inú gbọ̀ngàn kan ni gbogbo àwa aránpò máa ń jókòó sí, tí máṣíìnì tò lọ bẹẹrẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó sọ mí kalẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, nígbà tí ó wà ní kékeré, ọjọ́ Sunday nìkan ni ó máa ń rí mi lójúmọmọ. Ní ọjọ́ kan tí ibà dá mi dúró sílé, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí iná, ó ní, "Mọ́mì, ṣé òní tún ni Sunday ni? Dádì wà nílé."

Nígbà tí owó epo dísù gun òkè, ilé-iṣẹ́ náà kò lè máa fi jẹnẹrétọ̀ gbé gbogbo máṣíìnì wa mọ́. Ọ̀gá wa kó wa jọ, ó ní wọn yóò ti gbọ̀ngàn náà. Wọn yóò máa gé aṣọ fún wa, a ó máa kó o lọ rán nílé, a ó sì máa kó àpò tó ti parí padà wá fún wọn. Ó ní iṣẹ́ wa kò bọ́, ibi tí a ó ti máa ṣe é nìkan ló yí padà.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá sílé kí ẹ sọ èyí lójú ìyàwó mi o. Kò ní gbà pé ẹ kò lé mi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àṣé òun ló rí iwájú jù wá lọ.

Mo ra máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó lágbára, èyí tí kò bẹ ẹnikẹ́ni fún iná, mo sì gbé e sí ojú fèrèsé pálọ̀ wa. Yàrá kan àti pálọ̀ ni a ní nínú ilé oníyàrá púpọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jí ní àsìkò tí mo máa ń jí, mo wẹ̀, mo wọ ṣòkòtò iṣẹ́ mi, mo sì ti gbé ike oúnjẹ mi lọ́wọ́ kí n tó rántí pé pálọ̀ ni mò ń lọ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ó dàbọ̀ o," ó ní. "Ẹ bá wa ra búrẹ́dì bọ̀."

N kò ní purọ́: ìgbádùn wà nínú kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu dípò èyí tí ó ti dì mọ́ inú ike. Bí wọ́n bá pe ìrun Àílà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, mo lè dìde lọ kí i pẹ̀lú ìjọ, ohun tí n kò lè ṣe ní gbọ̀ngàn kí alábòójútó má fojú burúkú wò mí. Mo mọ bí ohùn ọmọ mi ṣe ń rí nígbà tó bá ń kàwé. Mo máa ń mọ ọjọ́ tí olùkọ́ nà án kí ó tó sọ, láti inú bó ṣe ń ju bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ojú bá rẹ̀ mí, mo sinmi. Bí òjò bá rọ̀ tí ara mi yá, mo rán kọjá iye tí mo lè rán nígbà tí wọ́n ń ṣọ́ mi. Ara mi le. Ẹ̀yìn tí bọ́ọ̀sì ti fẹ́ bà jẹ́ fún mi padà bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n ilé kò ní géètì bíi ti ilé-iṣẹ́. Obìnrin tí ó ń gbé yàrá kejì a fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: "Bàbá, bí ẹni tó ń gbé gáàsì bá dé, ẹ bá mi gbà á." Òmíràn a ní kí n máa bá òun wo ojú ọ̀run, bí òjò bá ṣú kí n ká aṣọ òun. Àwọn oníná a dé láti já wáyà, èmi ni wọn a bá jà. Tọkọtaya a jà, èmi ni wọn a wá rojọ́ fún, torí pé èmi ni àgbà tó wà nílé. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ a máa gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi láti àárọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," a ní, "jẹ́ ká jọ máa fọwọ́ lẹ́rán. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà."

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí aṣọ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa kò sí ipò tí ènìyàn wà tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ń sinmi, ẹ kú ìsinmi. Ẹnu ni a fi ń fi ènìyàn sí ipò rẹ̀. Mo lè máa tẹ máṣíìnì kí ariwo rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń kọjá yóò na ọrùn wọ ojú fèrèsé, yóò sì kí mi pé, "Ẹ kú ilé o, Bàbá!" Káfíńtà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, tó ti sùn lọ fọnfọn lórí pákó rẹ̀, òun ni wọ́n ń kí pé ẹ kú iṣẹ́, nítorí pé òun ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé, "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe o."

Obìnrin kan dá mi lóhùn tàánútàánú: "Hẹ̀n-ẹn, Bàbá. Ẹ máa fi pa ìrònú rẹ́ náà."

Ohun mìíràn ni pé ilé máa ń kó wọ inú iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì máa ń kó wọ inú ilé. Ọmọ mi fi ọwọ́ ọbẹ̀ kan àpò funfun kan, wọ́n dá a padà fún mi. Bí àsìkò ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé bá sún mọ́, kò sí ẹni tí yóò lu aago pé iṣẹ́ ti parí. Ìyàwó mi á gbé oúnjẹ síwájú mi, á tún gbé e padà. Mo sì pàdánù ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ní gbọ̀ngàn, ẹni tó bá rán síìpù wọ́, gbogbo wa la ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nílé, bí mo bá rán an wọ́, èmi nìkan ni mo máa bú ara mi, èébú náà kì í sì í dùn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n padà sí gbọ̀ngàn lónìí, n kò ní lọ. Ilé ti bá mi lára mu.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kàwé. Òun nìkan ni ó dé ilé-ìwé gíga nínú àwa mẹ́ta, mo sì ń fi í yangàn títí di òní. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó ń ṣe ní Èkó, ó sì kọ́ ilé sí ẹ̀sìtéètì kan létí Ìkòròdú. Láti ìgbà àrùn kòrónà ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé ní ọjọ́ mélòó kan nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìyá wa ń gbé nílé bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Ẹja ni ó tà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Àbúrò wa obìnrin gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ìyá wa yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé nígbà tí àbúrò wa wà lọ́jà. Egungun kankan kò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbà pé kò yẹ kí ó máa dá wà lójúmọmọ mọ́. Ní ọjọ́ ọdún, nígbà tí a jẹun tán, mo ní kí àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa pààrọ̀ ara wa lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àbúrò wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò ronú sí i. Ìrònú náà ni ó wá já sí ẹnu ọ̀nà mi ní Mọ́ńdè.

Mò ń so okùn èjìká mọ́ àpò nígbà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀. Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Kò pa ọkọ̀. Ìyá wa wà lẹ́yìn, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ sórí itan bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà.

"Bọ̀dá mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Màmá ni mo gbé wá. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọn á máa wà."

"Lónìí yìí? Ẹ ò pè mí, sà."

"Kí ni mo fẹ́ pè ọ́ sí? Ṣebí ilé lo wà."

"Ilé ni mo wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ọ̀la ni mo fẹ́ kó àpò lọ fún wọn."

Ó wo fèrèsé mi, ó wo máṣíìnì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ohùn sókè borí ariwo ọkọ̀ rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Èmi níṣẹ́. Àbúrò wa ń lọ sọ́jà. Ìwọ, láti ìgbà tí wọ́n ti lé yín níbẹ̀ yẹn, o ò níṣẹ́. Ẹni tí ò níṣẹ́ ni Màmá máa bá gbé. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Wọn ò lé wa, Bọ̀dá mi."

"Ó dáa, wọn ò lé yín. Ẹ kàn ń jókòó sílé ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò yíjú wò ó. Ìyá wa na ọwọ́ jáde láti inú ọkọ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ̀ ná. Ẹ ó bá ìjà yín níbi tí ẹ gbé e sí."

Mo mú un wọlé. Kí n tó jáde padà, ẹ̀gbọ́n mi ti to ẹrù sí ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti yà sí títì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìyá mi kì í ṣe ẹrù, n kò sì ní kọ̀ ọ́ láé. Ohun tí ó dùn mí ni pé wọ́n hú u níbi tí ó ti ta gbòǹgbò. Ní Ẹ̀pẹ́, láti orí àga rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ òórùn ẹja yíyan. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń ti ọjà bọ̀ a yà jókòó tì í, wọn a máa sọ ti oníbàárà tó ná ẹja títí tí kò rà, àti ti ẹni tó gbé ẹja àná jáde tó pè é ní tòní. Ní Agric, ariwo àwọn tó ń pe èrò sí ọkọ̀ ni ó ń gbọ́. Láràárọ̀ ni ó máa ń bi mí pé, "Apá ibo ni ọ̀sà wà níhìn-ín?" Bí mo bá nawọ́ sí i, a yí àga rẹ̀ sí apá ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ni ó ń wò.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n mi kò rò. Ìyàwó mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tí ó ti ń dirun, ọmọ mi ń lọ sí ilé-ìwé, èmi nìkan ni mo ń kù pẹ̀lú ìyá mi. Ọkùnrin ni mí. Àwọn nǹkan wà tí ọmọkùnrin kì í ṣe fún ìyá tó bí i lọ́mọ, àyàfi bí kò bá sí obìnrin nítòsí rárá. Bí ìyá mi bá fẹ́ wẹ̀ lọ́sàn-án, tàbí tí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ojú a tì í láti sọ fún mi, ojú a sì ti èmi náà láti bi í. Èmi a sáré lọ bẹ obìnrin kan ní ilé kejì. Ìyá mi, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun ní gbogbo ayé rẹ̀, wá di ẹni tí àjèjì ń wẹ̀.

Iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo kó àpò dé ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá wa kò pariwo. Ó kàn ní, "Bí ilé bá ti ń dí ọ lọ́wọ́, sọ fún mi, kí n gbé e fún ẹlòmíràn." Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi irọ́ sọ yóò di òótọ́, òun gan-an ni yóò sì jẹ́ ẹni tó sọ ọ́ di òótọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi wò mí títí bí mo ṣe ń rán.

"Ìwọ, ṣé o kì í sinmi ni?"

"Wọ́n ń retí ẹ̀ níbi iṣẹ́ ni, Màmá."

"Wọ́n ní o ò níṣẹ́."

"Ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́. Kí n wá purọ́ ni? Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, mo rò pé ìyàwó rẹ ló ń fún ọ."

Ìyàwó mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá jẹun ọ̀sán, bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa gba ìyìn yẹn lọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo pinnu pé n kò ní dákẹ́. Mo mú ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í lọ sí Èkó, mo lọ bá a nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi ìka lé ètè.

"Ẹ rọra o, ọkọ mi. Dádì wà níbi iṣẹ́."

Mo bi í pé ibo ni ibi iṣẹ́ náà. Ó fi ojú tọ́ka sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo jókòó. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rìn láìwọ bàtà kí wọ́n má baà pariwo. Ẹnìkan kan géètì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde lọ sọ fún un pé Dádì wà níbi iṣẹ́, kí ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú yàrá, ó ń sọ òyìnbó, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú kò bí mi sí ohun tí mo rí níbẹ̀. Ó wù mí. Mo sọ nínú ara mi pé báyìí ló yẹ kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé.

Nígbà tó jáde, mo dọ̀bálẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣé. Ṣé kò sí? Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ibo lẹ wà láti àárọ̀?"

"Ibi iṣẹ́ ni. Àbí o ò gbọ́ ohùn mi?"

"Nínú yàrá yìí?"

Ó mọ ibi tí mò ń lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. "Má bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Èmi ní ọ̀gá tó ń retí mi."

"Èmi náà ní."

"Bí mo bá dìde díẹ̀, wọ́n á mọ̀."

"Bí èmi bá dìde díẹ̀, wọ́n á gbé àpò fún ẹlòmíràn."

"Ṣé o fẹ́ fi mí wé ara rẹ ni?"

"Ó tì o. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ni mo fi wé iṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun padà. Níkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní bá mi jiyàn, kí a lọ bá àbúrò bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí àgbà bá sọ ni kí a tẹ̀lé. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e ni a jókòó nínú pálọ̀ bàbá wa. Mo gbé ìyá wa lọ. Bí ọkọ̀ ṣe yà sí àdúgbò ni àwọn obìnrin ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ó sì jókòó ṣinṣin lórí àga rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣubú rí.

Mo rojọ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi náà rojọ́, n kò sì ní fi ohun tó sọ pamọ́. Ó ní òun kò kórìíra mi. Ó ní ìyá wa ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá tún ṣubú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí láti gbé e. Ó ní ọjọ́ tí òun wà nílé kò tó ọjọ́ tí òun wà l'Ékòó, ṣùgbọ́n èmi, ojoojúmọ́ ni mo wà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí ó bá jẹ́ pé bí ó ṣe sọ ọ́ níbẹ̀ ni ó ṣe wá sọ ọ́ fún mi ní Agric, bóyá ǹ bá ti ní, "Ẹ gbé Màmá wá."

Àbúrò bàbá wa fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹni tó wà nílé ní í gba àlejò," ó ní. "Ìwọ, ṣe sùúrù. Mú un mọ́ra."

Àbúrò wa obìnrin kò jẹ́ kó parí. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé àlejò ni Màmá ni?"

"Dákẹ́, àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀."

"Èmi kì í ṣe ọkùnrin," ni ìyá wa sọ, "ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀ ń pín." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Wo ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ṣé o rí ibi tí ògiri ti dúdú yẹn? Ibẹ̀ ni mo ti yan ẹja tí a fi rán ẹ nílé-ìwé. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi gbé e lọ sọ́jà nígbà tí mo wà lóyún àbúrò rẹ. Èmi ò kúrò nídìí iná. Nígbà yẹn, ṣé o máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ìyá rẹ ò níṣẹ́?"

"Màmá, tiyín yàtọ̀."

"Gbogbo nǹkan ló ń yàtọ̀ lẹ́nu tìẹ."

Àbúrò wa rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Kò sọ pé òun ṣì mí sọ, kò sì sọ pé òun kò ṣì mí sọ. Àbúrò bàbá wa wúkọ́, ó ní oòrùn ti ń mú, ó ka Fátíhà, ó ní a ó tún jókòó. Kí a tó tún jókòó, kí Màmá ṣì máa wà lọ́dọ̀ mi. Bí a ṣe ń padà, ìyá mi ní kí awakọ̀ dúró díẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Olúwo kí òun lè wo ojú àwọn ènìyàn òun. Ó ń bojú wẹ̀yìn títí a fi dé Ìkòròdú.

Títí di òní, a kò tíì tún jókòó. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Mo ti pe àbúrò bàbá wa, ó ní kí n ní sùúrù. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ṣì ń fi ojú ọ̀rẹ́ wò mí, n kò mọ ìgbà tí ojú náà yóò yí padà.

Ohun tí mò ń bèèrè kò le. Mo fẹ́ kí ìyá mi padà sí ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kí àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa pààrọ̀ ara wa lọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò wa yóò wà níbẹ̀ ní òru àti ní òwúrọ̀, kí ó wẹ̀ ẹ́ kí ó tó lọ sọ́jà. Máṣíìnì mi kò so mọ́ ilẹ̀ Agric, mo lè gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó sì lè fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé ara rẹ̀ lè fi í ṣiṣẹ́ nínú ilé ìyá rẹ̀. Bí ìpín tèmi bá ju tiwọn lọ, n kò ní ráhùn, bí wọ́n bá ti bẹ̀ mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó níṣẹ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi padà wá sí ojúlé wa ní òwúrọ̀, kí ó pa ọkọ̀, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ pé àbúrò òun níṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, títí kan èyí tó gbè é. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ìhín, ẹ kò mọ òun, ẹ kò mọ èmi, ẹ kò jẹ ẹran Iléyá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀, ẹ fi ara yín sí ipò mi, kí ẹ má sì gbàgbé obìnrin tó ń kọjú sí ògiri lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wa dá a: nínú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ó jẹ̀bi?